Wàsílátù Fẹ́ Yan Adìẹ Fúnra Rẹ̀

Èmi kò fẹ́ràn adìẹ. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìfẹ́ adìẹ ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Adìẹ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbin tẹ aṣọ oníbàárà, ọ̀tá mi ni títí di ọjọ́ tó bá wọ inú ọbẹ̀. Wàsílátù ni mo fẹ́ràn, òun ló sì fi adìẹ kó bá mi.

Yàrá tèmi àti tirẹ̀ kọjú síra ní Lásunwọ̀n níbí, nínú ilé Bàbá Ọláògún. Ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti ń ránṣọ wà níwájú ilé kan náà. Ọmọ Ìwó ni Wàsílátù. Ọkọ ló gbé e wá sí Ìkòròdú, ọkọ náà ti kú, kí Ọlọ́run fọ̀rọ̀ jìn ín, ó wá ku òun àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Mardiyah, tó ti wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyá Mardiyah. Ẹja yíyan ló ń tà kí orúnkún tó dá a jókòó sílé.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa obìnrin yìí: kò yan nǹkan kan fúnra rẹ̀ rí láyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a yan gbogbo rẹ̀. Rọ̀kíbátù lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé, ó fẹ́ apẹja ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mọ́ṣúdù, ó sì ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Ìyá wọn kú nígbà tí Wàsílátù ṣì ń rá, ẹ̀yìn Rọ̀kíbátù ló wà títí tó fi mọ̀ ọ́n rìn. Lójú tèmi, Rọ̀kíbátù kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí di òní. Òun ló bá a yan ọkọ. Òun ló ní ẹja ni kó máa tà, òun náà ló sì ń fi ẹja ránṣẹ́. Òun ló sọ Mardiyah ní Mardiyah. Kọ́tìnnì àwọ̀ ewé tó wà lẹ́nu ọ̀nà Wàsílátù, tó máa ń fọ́ mi lórí bí mo bá jí láàárọ̀, Ẹ̀pẹ́ ló ti wá.

Ó wá di bárakú. Bí Wàsílátù bá dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, èyí tí wọ́n bá bù fún un náà ni. Bó bá lọ ra bàtà, èyí tí ọlọ́jà bá kọ́kọ́ gbé sókè ló ń wọ̀ wálé, kódà bó ń ta á lẹ́sẹ̀. Bó bá gbé aṣọ wá fún mi, tí mo bi í pé irú ọrùn wo ló fẹ́, á ní kí n rán èyí tó bá wù mí. Mo sì ń rán an. Ìgbà kan wà tí mo rí apá aṣọ kan lórí fóònù, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè rán an, orí Wàsílátù ni mo ti kọ́ ọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀ọ̀ bí ẹyẹ tó fẹ́ gbéra nílẹ̀. Kò ráhùn. Ó ní ó dáa, ó ń gba atẹ́gùn sára.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó ní òun fẹ́ sin adìẹ, mo rò pé ẹnì kan ló ní kó sìn ín. Mo bi í pé ta ni. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ olè.

"Ìyá Ùsámà, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ yan ilé tí wọ́n máa gbé, èmi náà ni mo fẹ́ yan irú adìẹ tó máa jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Ẹ jọ̀ọ́, kí Àǹtí mi má gbọ́."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo kórìíra adìẹ. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé tí wọ́n fẹ́ ra aṣọ Iléyá fún. Mo ṣèlérí fún un pé kò ní gba ẹnu mi jáde, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá a yàn.

Ṣùgbọ́n ayálégbé kì í ṣàdédé da adìẹ sí ọgbà ọlọ́gbà. Ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Ọláògún, ọmọ Ìkòròdú gidi, èèyàn dáadáa. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé ohun tí kò mọ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Bàbá kò sin adìẹ rí. Ó fún Wàsílátù láyè ẹ̀yìn ilé, láàrin kànga àti fẹ́ǹsì, ó wá ní kó jókòó ná, torí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní léyà ni kó rà, àwọn adìẹ pupa tó ń yé ẹyin lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kéèjì onírin ni kó kó wọn sí, kí ẹyin máa yí wá bá a níwájú, kó má baà máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn.

Wàsílátù kúnlẹ̀, orúnkún yẹn náà ló fi kúnlẹ̀ o, ó dúpẹ́, ó ní òun ti gbọ́, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí Bàbá pẹ́ fún wa.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bá a ṣe ń ṣe é. Ọmọlúàbí kì í gbọ́ ìmọ̀ràn àgbà kó ní rárá. A ó dúpẹ́, a ó ṣàdúrà, a ó sì lọ ṣe ohun tó wà lọ́kàn wa. Àgbà tó bá gbọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrin ọpẹ́ ẹni tó gbà àti ọpẹ́ ẹni tó ń wá ọ̀nà àtilọ. Bàbá Ọláògún kò mọ̀ ọ́n. Lójú tirẹ̀, ẹni tó kúnlẹ̀ tó sì ṣàdúrà ti fọwọ́ sí i nìyẹn, ó bá ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ kan tó ní kéèjì tí kò lò mọ́.

Bàbá sọ ọ́ létí Olúṣèyí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá ìkángun, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọlọ ìrẹsì ńlá tó wà ní Ìmọ̀ta. Olúṣèyí ní kí Màámi, bó ṣe máa ń pe Wàsílátù, má dá Bàbá lóhùn. Bùrọ́ílà ni kí wọ́n sìn, torí kí ojú èèyàn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti sanra tó èyí tí wọ́n lè pa. Kéèjì kọ́ ló sì yẹ ẹ́, ilẹ̀ ni, kí wọ́n da èèpo ìrẹsì sílẹ̀ fún un bíi tìmùtìmù, kí ìgbẹ́ rẹ̀ máa rì sínú rẹ̀ kí ó máa gbẹ. Ó ní èèpo ìrẹsì kò jẹ́ nǹkan kan fún òun, òkìtì rẹ̀ ló wà níbi iṣẹ́ àwọn. Wàsílátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ tirẹ̀ náà á ṣe é fún un. Ọmọkùnrin náà jáde lọ wá mọ́tò tó máa kó èèpo.

Mo bínú sí Wàsílátù. Mo bi í pé ṣé ó ti sọ fún wọn pé òun kò fẹ́. Ó ní òun sọ fún wọn pé òun gbọ́. Mo ní gbígbọ́ kọ́ ni kíkọ̀. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà, ó ṣàdúrà fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé bó ṣe ṣe Bàbá ló ṣe mí.

Síbẹ̀, Wàsílátù ń yan. Ẹ ò rí ẹni tó ń yan nǹkan rí. Ó máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá sí ojú wíńdò mi láàárọ̀, kó máa wo gbogbo adìẹ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń kọjá. Lọ́jọ́ kan ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ọ̀nà Ìmọ̀ta, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń pàtẹ adìẹ sẹ́bàá títì, ó wò wọ́n, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì padà lọ́wọ́ òfo pẹ̀lú ìdùnnú. Ó ní léyà dára, àmọ́ ọwọ́ ẹni ni ẹnu rẹ̀ wà, ọjọ́ tí oúnjẹ inú àpò bá pẹ́ dé, ẹyin ti dáwọ́ dúró. Ó ní bùrọ́ílà kò lè gba oòrùn, ooru kékeré báyìí, ó ti na ẹsẹ̀. Nọ́ílà, adìẹ òyìnbó tí wọ́n máa ń tú sílẹ̀ kó jẹ̀ kiri, dáa díẹ̀, ó ń jẹ ohun tó bá rí, àmọ́ àléébù rẹ̀ ni pé kì í fẹ́ sàba. Adìẹ ìbílẹ̀ kéré, ẹyin rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń sàba lé e fúnra rẹ̀, ó ń kó ọmọ rẹ̀ kiri, ó sì mọ ojú àṣá. Bó bá dé ibẹ̀ yẹn, á ní òun kò tíì parí rẹ̀. Àṣé ẹni tí kò yan nǹkan rí, bó bá bẹ̀rẹ̀, kì í fẹ́ kó tán.

Èmi kọ́ ni mo sọ fún Ẹ̀pẹ́ o. Inú Wàsílátù dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Mardiyah lórí fóònù, Mardiyah sì rò pé kò dáa kí ẹ̀gbọ́n ìyá òun má mọ̀. Àwọn ọmọ tá a kọ́ dáadáa yìí, ẹ̀kọ́ tá a kọ́ wọn ló máa ń padà bá wa.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mọ́tò akẹ́rù kan yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Rọ̀kíbátù sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àgò adìẹ lọ́wọ́ méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n wá jọ gbé sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀yìn mọ́tò náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì rò pé màá tún rí i.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Mọ́ṣúdù. Bí kò bá lọ sójú omi, ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló sì mọ̀ ọ́n kàn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kó kan ilé adìẹ, ó kan án bó ṣe ń kan nǹkan. Pátákó rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iwájú rẹ̀ yọ ṣóńṣó, ó sì fi ọ̀dà dúdú dí gbogbo ojú rẹ̀ kí omi má ráyè wọlé. Ó tún wá gbé e ka orí òpó gíga gíga, torí pé létí ọ̀sà lọ́dọ̀ wọn, bí omi bá kún, ohun tó bá wà nílẹ̀ ti bá omi lọ nìyẹn. Lásunwọ̀n tiwa kò sún mọ́ ọ̀sà. Kànga wa gan-an, ó ń ṣòro kó tó rí omi.

Mo bi Mọ́ṣúdù pé kí ló dé tí ilé adìẹ fi ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ní nítorí ìkún omi. Mo ní ìkún omi wo. Ó wo ilẹ̀ gbígbẹ, ó ronú díẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀la. Àkàbà wà lára rẹ̀, tí Wàsílátù á máa fi orúnkún yẹn gùn lọ kó ẹyin.

Wàsílátù yọ sí wa láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àgò sílẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó fọwọ́ nu eruku tí kò sí lójú rẹ̀.

"Nọ́ílà ni o, Wàsílá. Mo ti bá ẹ yàn án, mo ti bá ẹ yan ilé náà. Jókòó, kó o sinmi."

Wàsílátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Kò tíì dìde tí kéèjì Bàbá Ọláògún fi dé, pẹ̀lú léyà nínú rẹ̀. Olúṣèyí náà dé láti Ìmọ̀ta, ó jókòó sórí àpò èèpo ìrẹsì bí ọba, ó gbé páálí bùrọ́ílà lé itan. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹ̀yìn ilé ti kún. Ẹni tó fẹ́ fa omi ní kànga ní láti gba abẹ́ ọkọ̀ Mọ́ṣúdù kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn Nọ́ílà já, ó fò bà sórí okùn tí a ń sá aṣọ sí, mo sì fi ojú ara mi rí òwe tí mo ti ń pa láti kékeré: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọláògún ní ilé òun ni, kéèjì ló máa dúró níbẹ̀. Rọ̀kíbátù ní àbúrò òun ni, ẹ̀yìn òun ló wà dàgbà, ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n ló mọ ohun tó yẹ ẹ́. Olúṣèyí, tó jẹ́ ẹni tó ń rò pé gbogbo ìjà ló ní ojútùú, ní kí wọ́n má bára wọn jà. Ó ní kí wọ́n da àgbàdo sínú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n tú gbogbo adìẹ sílẹ̀, kí àwọn adìẹ fúnra wọn yan ibi tó wù wọ́n.

Àwọn àgbà wọ̀nyí sì gbà. Wọ́n da àgbàdo, wọ́n tú adìẹ, gbogbo ojú ń wo ilẹ̀. Léyà, tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí, gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí adìẹ tó dé ìlú tuntun ṣe máa ń ṣe, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ayé. Bùrọ́ílà jókòó síbi tí wọ́n gbé e sí. Ọ̀kan nínú wọn sùn lọ. Nọ́ílà ní tiwọn sáré gba abẹ́ ilé Mọ́ṣúdù, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì yan léèsì ìyàwó kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Mo pariwo. Mo lé wọn jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, mo sì gbé léèsì náà, mo ń lọ sí yàrá Wàsílátù láti lọ fi hàn án ohun tí adìẹ rẹ̀ fojú mi rí. Mo bá a tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Àwọn tó ń jà ní ẹ̀yìn ilé kò tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí láàrin wọn mọ́. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

"Ìyá Ùsámà, wọ́n bi adìẹ," ó ní. "Adìẹ ni wọ́n bi. Wọn ò bi èmi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Mo sọ léèsì sílẹ̀, mo jókòó tì í. Mo ní kó jáde, kó lọ sọ fún wọn pé òun kò fẹ́. Ó ní ẹni tó gbé òun pọ̀n nígbà tí òun kò ní ìyá, ẹnu wo ni òun máa fi sọ fún un? Kò sí àrífín kankan nínú ohùn rẹ̀, ìfẹ́ ni, òun gan-an ló sì dè é lókùn. Mo rò ó títí. Mo wá sọ fún un pé kò pọn dandan kó fi ẹnu sọ ọ́. Mo ní ó ṣáà ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà á gbé e dé ọ̀nà Ìmọ̀ta.

Ó wò mí. Ó nu ojú. Ó mú báàgì rẹ̀ àti ìborùn, ó gba iwájú ilé jáde. Mo bá a dá kẹ̀kẹ́ dúró. Nígbà tí mo padà sẹ́yìn ilé, wọ́n ń mu mínírà tí Wàsílátù ti gbé fún wọn, wọ́n ṣì ń jà.

Kí wọ́n tó pe ìrun aláásárì ló dé. Àgò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ láàrin wọn, ó ṣí i. Abo adìẹ dúdú kan ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà abo mìíràn tó rí wínníwínní bí ẹtù, lẹ́yìn náà àkùkọ kan tó ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo gbogbo wa bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Èyí tó jáde kẹ́yìn ni gbogbo ojú lọ bá. Ọ̀pìpì ni. Ìyẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ọrùn rẹ̀ pupa, apá rẹ̀ rí bí ọwọ́ ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ó dà bí adìẹ tí wọ́n ti ń tu ìyẹ́ rẹ̀, tó wá rántí pé òun ní ibì kan tí òun ń lọ.

Bàbá Ọláògún béèrè bóyá àìsàn ni. Olúṣèyí béèrè bóyá wọ́n fi ta Màámi lọ́rẹ ni. Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín títí, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìgbà tó gbójú sókè tó rí ojú àbúrò rẹ̀ ni ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀.

"Wàsílá, ta ló bá ẹ yan àwọn wọ̀nyí?"

"Èmi ni, Àǹtí mi."

"Èyí tí ò níyẹ̀ẹ́ yìí ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Wàsílátù fọwọ́ kan ọrùn pupa náà. "Ó wù mí ni."

Mọ́ṣúdù nìkan ló bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀pìpì náà dáadáa, ó ní ooru kò ní mú un.

Wàsílátù wá yíjú sí ilé ìdáná àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, èyí tí a ti pa tì láti ìgbà tí gbogbo wa ti ń fi gáàsì dáná. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé. Ó ní ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, kò ní gbóná, páànù rẹ̀ kò jò, èéfín àtọdúnmọ́dún tó wà lára rẹ̀ kò ní jẹ́ kí kòkòrò yòrò wọ̀ wọ́n lára, àjà tí a ń sá igi sí ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè bà lé sùn. Ó ní òun fẹ́ ilé tí òun náà lè gbé àpótí wọ̀ kí òun jókòó tì wọ́n. Mi ò gbọ́ kí Wàsílátù sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láìbéèrè bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó wá kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ọláògún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúṣèyí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́ṣúdù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ìdààmú. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí oníkálùkù máa kó tirẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń so adìẹ tuntun mọ́lẹ̀ kó lè mọ ilé, tí wọ́n á sì so àkísà mọ́ ọn kí ará àdúgbò má sọ ọ́ di tiwọn, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré ni. Wàsílátù wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ wá àkísà, ó da gbogbo àpò àjákù aṣọ mi sílẹ̀. Ẹni tí kì í sọ irú ọrùn tó fẹ́ jókòó sáàrin àǹkárá, léèsì àti àdìrẹ, ó ń gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rọ̀kíbátù wọlé, ó ní búlúù á dára. Wàsílátù ní ẹ ṣé, Àǹtí mi, ó mú yẹ́lò. Rọ̀kíbátù jáde, ó wọ mọ́tò, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Bàbá Ọláògún gbé kéèjì lọ sí báráńdà tirẹ̀. Àwọn léyà ló wá di ọ̀gá rẹ̀ báyìí, ojú kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi ń pè é wá bu oúnjẹ. Bùrọ́ílà Olúṣèyí dé ibi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wọ́n ní ó dùn. Nọ́ílà bá àwọn tó ni wọ́n padà. Ilé Mọ́ṣúdù ni kò rí ọ̀nà gbà, awakọ̀ ní òun kò tún gbé e mọ́, ó wà níbẹ̀ títí di òní. Orí rẹ̀ la ń sá ẹ̀wà sí. Bí àlejò bá béèrè, a máa ń sọ fún un pé nítorí ìkún omi ni.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ dákẹ́. Rọ̀kíbátù tó máa ń pe fóònù kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọ ẹnu, kò pè mọ́. Wàsílátù pè é, Mọ́ṣúdù ló gbé e, ó ní ó wà lọ́jà. Ó tún pè, ó tún wà lọ́jà. Ó dun Wàsílátù gan-an. Ó máa ń jókòó sínú ilé ìdáná náà pẹ̀lú àwọn adìẹ rẹ̀, fóònù á wà lórí itan rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní adìẹ òun kò fa àbámọ̀ kankan fún òun, ẹ̀gbọ́n òun ni òun ń fẹ́.

Ọ̀pìpì ló kọ́kọ́ sàba. Ara tí kò níyẹ̀ẹ́ yẹn náà ló fi bo ẹyin, ó sì pamọ. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà jọ ìyá wọn, orí wọn pá, àwọn yòókù sì ní ìyẹ́ dáadáa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kiri lọ́jọ́ tí Rọ̀kíbátù yọ sí wa láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó gbé ẹja ọ̀sà yíyan dání, ó kí mi, ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ. Mo fi máṣìnnì mi sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e, torí pé mo fẹ́ràn àlàáfíà, mo sì fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ó tẹrí ba wọ ilé ìdáná, ó wá ibì kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀. Àwọn ọmọ adìẹ ń gun orí ẹsẹ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò kọjá. Rọ̀kíbátù wo ọ̀pìpì, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Mo fẹ́ mú ọ̀kan lọ sí Ẹ̀pẹ́," ó ní. "Bá mi yan ọ̀kan, Wàsílá."

Mo mọ ohun tí Wàsílátù máa sọ. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Á ní kí wọ́n mú èyíkéyìí tó bá wù wọ́n. Mo ti ń múra àtibínú sí i lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀kan, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo abẹ́ apá rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé òmíràn. Ó dá a padà, ó tún wá a rí, ó tún gbé e. Oòrùn ń yí kúrò lórí páànù. Ara Rọ̀kíbátù kò gbà á mọ́, ó nawọ́ sí èyí tó sanra jù nínú wọn.

"Ẹ mọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ ná, Àǹtí mi," Wàsílátù ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mi ò tíì yàn tán."

Rọ̀kíbátù kó ọwọ́ padà sórí itan, ó ń dúró dè é.